Kíkó ọmọ wẹ́wẹ́ lọ sí Ìsánlú àti Lọ́kọ́ja lópin ọdún: ibo la máa gbà, báwo la ṣe máa ṣe é?

IyaMeta_Yagba
Òkun o ẹ̀yin èèyàn mi, bí a ṣe ń kíra wa nílé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ìkòròdú la ń gbé, ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ wa, ọlọ́dún mẹ́fà, ọlọ́dún mẹ́ta àti ọmọ ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù méje. Màmá mi wà ní Ìsánlú, nílẹ̀ Yàgbà ní ìpínlẹ̀ Kógí, orúnkún ti ń dà wọ́n láàmú, wọn ò lè jókòó pẹ́ nínú mọ́tò mọ́, wọn ò sì tíì fojú kan ọmọ kékeré yìí rí àfi lórí fóònù, tí a bá ti pè wọ́n báyìí wọ́n á sún mọ́ fóònù débi pé iwájú orí wọn nìkan la máa ń rí. Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sílé lópin ọdún yìí, ká lo bí ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ màmá, ká wá yà dé Lọ́kọ́ja lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan, yàrá kan náà la jọ gbé nílé ìwé, òun náà ti bímọ méjì tí mi ò tíì rí sójú. Ọkọ mi ò kọ̀ o, ó kàn ní ọ̀nà ti jìn jù, pé ká jẹ́ kí àbíkẹ́yìn máa rìn ná. Èmi ò fẹ́ dúró, ara màmá ò le bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti kó ọmọ kéékèèké gba ọ̀nà yẹn kó jọ̀ọ́ sọ fún mi, ibo ni ká gbà, ṣé ká wọ mọ́tò gáréèjì ni abí ká gbé mọ́tò tiwa, ṣé ọjọ́ kan á gbé wa débẹ̀, kí ni ká dì dání?

BabaIbeji_Mopa
Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o màdáámù. Ìlọrin ni kí ẹ gbà. Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, tí ẹ bá kúrò níbẹ̀ ẹ ó bọ́ sí Ajàṣẹ́-Ìpo, Òmù-Àrán, Ẹ̀gbẹ̀, lẹ́yìn náà Ìsánlú. Mọ́tò tiyín ni kí ẹ gbé tí ara rẹ̀ bá dá, torí mọ́tò gáréèjì ò ní dúró torí pé ọmọ yín fẹ́ tọ̀. Àmọ́ ẹ má fi lé ọkàn pé ọjọ́ kan lẹ fi máa débẹ̀ o. Èkó sí Ìlọrin nìkan tó bíi kìlómítà 300, a ò sì tíì ka gòsíló tó wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn mọ́ ọn. Ẹ sun Ìlọrin mọ́jú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wẹ̀, kí wọ́n jẹ oúnjẹ gbígbóná, kí wọ́n sáré káàkiri inú ọgbà hòtẹ́ẹ̀lì títí tí yóò fi rẹ̀ wọ́n, tó bá di ọjọ́ kejì aago méje àárọ̀ ẹ ti gbéra, oòrùn ò ní tíì kan àtàrí tí ẹ ó fi máa mu omi nílé màmá.

Ohun kan tí èmi àti ìyá ìbejì máa ń ṣe ni pé a kì í dúró dìgbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Wákàtí méjì méjì la máa ń dúró, wọ́n ń sùn o wọn ò sùn o. Ilé epo tí èrò bá wà la máa ń yà sí, a ó tẹ́ ìró sílẹ̀ níbi ìbòòji, ọmọ ọwọ́ á na ẹsẹ̀, á rá díẹ̀, àwọn tó kù á sáré. Ìṣẹ́jú ogún péré. Tí ẹ bá fo ìyẹn torí pé ẹ fẹ́ yára, ẹ ó san án padà lójú ọ̀nà tó burú jù.

Ti ààbò: Òmù-Àrán sí Ẹ̀gbẹ̀, àti Ẹ̀gbẹ̀ sí Kàbbà, ọ̀sán ni kí ẹ rìn ín, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín níbẹ̀ rárá. Kí ẹ tó kúrò ní Ìlọrin láàárọ̀, ẹ pe èèyàn méjì nílé, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n sọ bí ọ̀nà ṣe rí lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tí wọ́n bá ní ẹ dúró, ẹ dúró.

OmoOwe_Kabba
Ọ̀rọ̀ Bàbá Ìbejì dáa fún ẹni tó ń lọ Yàgbà. Ẹni tó bá ń lọ Kàbbà tààrà ní ọ̀nà mìíràn, Akúrẹ́, Ọ̀wọ̀, Ìkàrẹ́, Àjọwá, Ayérè, Kàbbà. Àwọn kan tún máa ń gba Adó-Èkìtì, Ìkọ̀lé, Ọ̀mùò, kí wọ́n já sí Ìyàmoyè. Kọ́nà pọ̀ níbẹ̀ ṣá, ọ̀nà òkè ni, ọmọ tó bá ń bì nínú mọ́tò á jìyà. Fún yín màdáámù, Ìlọrin náà ni.

Soji_Onimoto
Ẹ̀yin ará mi, kí ló dé tí ẹ ń yọ ara yín lẹ́nu. Mọ́tò alẹ́ ni kí wọ́n wọ̀ láti Èkó, àwọn ọmọ á ti sùn, oòrùn ò ní pa wọ́n, tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́ wọ́n ti dé. Kí wọ́n fún àwọn ọmọ ní Phenergan díẹ̀, oògùn tó ń kun èèyàn lóorun yẹn, kí wọ́n tó gbéra, wọn ò ní mọ̀ pé àwọn rìnrìn àjò. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é.

NoosiAgba_Kabba
Soji, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí lẹ ń sọ yìí, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì mọ ohun tí mò ń wí.

Phenergan kì í ṣe oògùn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, rárá ni o, ìkìlọ̀ rẹ̀ wà lára páálí. Ó lè mú kí èémí ọmọ kékeré lọ sílẹ̀ títí tí kò fi ní mí mọ́, nínú mọ́tò tó ṣókùnkùn, lórí ẹsẹ̀ ìyá tí òun náà ń sùn, ta ló máa rí i? Piriton náà, oògùn ikọ́ tó ń kun èèyàn lóorun náà, ẹ má fi gbé ọmọ sùn. Tí ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́fà bá ń bì nínú mọ́tò, ẹ bi dókítà tàbí fámásì kí ẹ tó lọ, kí wọ́n wọn ọmọ náà kí wọ́n sọ ìwọ̀n tó yẹ. Láìlo oògùn pàápàá nǹkan wà tí ẹ lè ṣe. Ẹ má fún un ní oúnjẹ olóròóró kí ẹ tó gbéra, ẹ̀kọ àti búrẹ́dì díẹ̀ ti tó, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa wo iwájú, kí ẹ ṣí wíńdò díẹ̀. Ẹ so nílọ́ọ̀nù mẹ́ta mẹ́rin mọ́ ẹ̀yìn síìtì, ọwọ́ á tètè tó o.

Ẹ dì wọ̀nyí dání: ORS (iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru) àti síǹkì, tẹmọ́mítà, parasitamọ́ọ̀lù olómi tí wọ́n ti sọ ìwọ̀n tí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa lò fún yín, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn olóògùn, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn. Tí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ tí kò sì sí ORS nítòsí, ẹ wá lítà omi kan tó mọ́, ìyẹn pọ́ọ̀ wọ́tà olómi 50cl méjì, ẹ bu ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tí ẹ fi ọwọ́ ré orí rẹ̀ sí i, kí ẹ bu ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀. Iyọ̀ ò gbọdọ̀ ju ìyẹn lọ. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, kí ọmọ ọwọ́ sì máa mu ọyàn lọ. Tí ara ọmọ bá gbóná nílé màmá, ẹ má ní ibà ni kí ẹ lọ ra oògùn ibà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní orí ìka yẹ̀ ẹ́ wò ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, kì í pẹ́ tí èsì fi ń jáde.

Soji_Onimoto
Mo ti rí i, àǹtí nọ́ọ̀sì. Ẹ ṣeun. Mo máa sọ fún àwọn tó ń wọ mọ́tò mi.

Titun_Abuja
Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti mọ́tò alẹ́ náà. Ààbò ni ọ̀kan, dírébà tí oorun ń kùn ni èkejì. Bẹ́ẹ̀ sì ni ibi tí ọmọ jókòó sí. Èèyàn wa ló máa ń gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírébà, tí wọ́n bá tẹ bíréèkì lójijì, kò sí apá ìyá tó lè di ọmọ mú. Ẹ̀yìn ni kí gbogbo wọn wà. Tí agbára bá gbé e, ẹ ra síìtì ọmọdé, tókúnbọ̀ wà, àmọ́ ẹ yẹ okùn rẹ̀ wò dáadáa kí ẹ má ra èyí tó ti wà nínú ìjàǹbá rí. Ti ọmọ oṣù méje yẹn, ẹ̀yìn ni kí ojú rẹ̀ kọ sí, ọrùn rẹ̀ ò tíì le. Kí ẹ sì fi 122 sórí fóònù yín, nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni, ọ̀fẹ́ ni.

Yeye_Iyara
Ọmọ mi, òkun o. Mo ka gbogbo ohun tí wọ́n sọ, ó dára, àmọ́ ti ọ̀nà nìkan ni wọ́n sọ, èmi fẹ́ sọ ti ilé. Ìyá àgbà ni mí, Èkó àti Àbújá ni wọ́n ti ń kó ọmọ wá bá mi.

Tí ẹ bá dé, ilé màmá rẹ ni kí ẹ jókòó sí. Má gbé ọmọ kiri lọ́jọ́ náà, má sì gbé e kiri lọ́jọ́ kejì. Àwọn ènìyàn á gbọ́ pé o dé, wọn á wá fúnra wọn, tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbé ọmọ kó fọ ọwọ́, gbé omi àti ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà kí màmá rẹ fi ẹnu ara wọn sọ ọ́, tí ìwọ bá sọ ọ́ wọ́n á ní ọmọ Èkó ń ṣe fáàárí, tó bá jẹ́ màmá ló sọ ọ́ kò sẹ́ni tó máa bínú. Ẹni tó ń wúkọ́ kó kí i lókèèrè. Wọ́n sì máa gbé oyin wá fún ọmọ, oyin ìgàn gidi, inú wọn á dùn láti fi kan án lẹ́nu. Má gbà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ lá oyin, àìsàn kan wà nínú rẹ̀ tí ikùn ọmọdé ò lè bá jà. Sọ pé kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ dè é.

Èkejì ni ti ọmọ ọdún mẹ́ta. Kò mọ ìyá àgbà, ojú fóònù ló ti ń rí wọn. Ó máa sá, ó máa fi aṣọ rẹ bo ojú, ó sì máa dun màmá rẹ. Má fà á, má tì í lọ sí wọn lọ́wọ́. Jẹ́ kí màmá rẹ jókòó kí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ ọwọ́ kan. Èmi, ẹ̀gúsí ni mo máa ń bó. Ọmọ ọmọ mi kan dé láti Àbújá, kò fẹ́ rí mi rárá, mo gbé àwo ẹ̀gúsí mi mi ò wò ó. Ó kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Nígbà tó ṣe ó wá jókòó lápá ibẹ̀, ó mú hóró kan, ó fi eyín já a, ó tu èèpo rẹ̀ sílẹ̀, ó kó ti inú rẹ̀ sínú àwo mi. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tó fi sùn sí ẹsẹ̀ mi.

Kí o sì ti kọ́ wọn ní kíkí kí ẹ tó gbéra, kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ kí obìnrin kúnlẹ̀, kí wọ́n mọ "òkun o". Tí ọmọ bá lè kí ìyá àgbà lédè ilé, ó tó o, ìyókù á máa bọ̀.

OmoIjumu_Ogidi
Ẹ kú iṣẹ́ màmá. Mo gbọ́ o, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n béèrè, ṣé ẹbí ò ní bínú? Ní ilé tiwa, tí o bá gbé ọmọ tuntun wálé tí o ò gbé e dé ọ̀dọ̀ olórí ẹbí, wọ́n á máa sọ ọ́ fún ọdún mẹ́wàá. Àwọn bàbá kan ò lè rìn wá.

Yeye_Iyara
Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi. Ẹni tí kò lè rìn wá, kí wọ́n gbé ọmọ lọ bá a, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn bá ti rọ̀, ilé kan lóòjọ́. Kì í ṣe ilé mẹ́jọ láti àárọ̀ dé alẹ́ tí wọ́n á máa fi ọmọ lé ọwọ́ kan gbà á lọ́wọ́ mìíràn, tó bá wá di òru ara ọmọ á gbóná wọ́n á ní ayé ló ṣe é.

BabaIbeji_Mopa
Mo gbárùkù ti màmá. Ẹ tún jẹ́ kí n fi kan kún un, inú ọgbà ilé. Ilé wa ní Èkó, ibi tí ọmọ lè rìn dé ò tó nǹkan, a mọ gbogbo igun rẹ̀. Nílé, ọmọ ọdún mẹ́ta á kàn ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ni, kànga ló máa kọ́kọ́ rí. Tiwa ní Mópà, páànù ni wọ́n fi ń bò ó tẹ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ló sì máa ń gbé e lọ. Kí n tó kó àwọn ìbejì lọ ni mo ti fi owó ránṣẹ́ sí káfíńtà kan, ó kan pákó tó nípọn pọ̀, ó fi hínjì sí i, ó fi páádì tì í, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn ìyá mi. Ẹ ṣe é kí ẹ tó débẹ̀. Kí ẹ béèrè ibi tí wọ́n ń gbé kẹrosíìnì sí, nítorí inú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló sábà máa ń wà, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọmọ á rò pé mínírà ni.

Ade_Toronto
Ẹ kú o. Fún àwa tó ń ti òkèèrè kó ọmọ bọ̀ ńkọ́? Kánádà níbí ni wọ́n bí tiwa méjèèjì sí, Ẹ̀gbẹ̀ la ń bọ̀.

NoosiAgba_Kabba
Tiyín le díẹ̀ ju tiwọn lọ, torí ibà kò bá àwọn ọmọ yín jà rí, ara wọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ rí dókítà níbẹ̀ ní bí oṣù méjì kí ẹ tó wọkọ̀, wọ́n á fún wọn ní oògùn tó ń dènà ibà, àwọn kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó dé, kí ẹ sì máa lò ó lọ lẹ́yìn tí ẹ bá padà. Ẹ má ja á sáàárín. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú náà, ọmọ tó bá ti pé oṣù mẹ́sàn-án lè gbà á, káàdì rẹ̀ ni kí ẹ mú dání. Tí ara bá gbóná nígbà tí ẹ bá ti padà sí Kánádà, ẹ sọ fún dókítà kíá pé Nàìjíríà lẹ ti ń bọ̀, wọn ò ní ronú ibà níbẹ̀ tí ẹ ò bá sọ ọ́.

Titun_Abuja
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Lọ́kọ́ja torí ọ̀nà tiwa nìyẹn. Ìsánlú sí Mópà sí Kàbbà, láti Kàbbà ẹ bọ́ sí ọ̀nà Ọbájánà. Kọnkéré ni wọ́n fi ṣe Ọbájánà sí Kàbbà, kìlómítà 43, ó gún, ara ọmọ máa balẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni tírélà sìmẹ́ǹtì, wọ́n pọ̀ bí eéṣú, ẹ má bá wọn díje, ẹ máa rọra lọ. Láti Kàbbà dé Lọ́kọ́ja kò ju bíi kìlómítà 80 lọ, ọ̀sán kan ni. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ dé Àbújá, afárá Jámátà lẹ máa fi sọdá odò Ọya, ẹ kọjá Kótónkárífì àti Àbájì. Dìsẹ́ḿbà ò ní wàhálà omi, oṣù Ọ̀tóbà ni kí èèyàn máa ṣọ́ra, ní 2012 àti 2022 omi bo ojú ọ̀nà yẹn, àwọn tó kó ọmọ dání sun inú mọ́tò.

Ẹ mú sọ́wẹ́tà lọ́wọ́ o. Ọyẹ́ Dìsẹ́ḿbà ní ilẹ̀ wa kì í ṣe ti Èkó, òru máa ń tutù, awọ ara àwọn ọmọ á máa ya, òrí ni kí ẹ fi pa wọ́n.

OmoIjumu_Ogidi
Tí àwọn ọmọ bá ti sinmi tán, ọlọ́dún mẹ́fà yẹn máa fẹ́ rí nǹkan. Ẹ gbé e gun òkè Páàtì ní Lọ́kọ́ja, mọ́tò ń dé orí rẹ̀, láti òkè lẹ ó ti rí ibi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé, àwọ̀ omi méjèèjì ò jọra, ọmọ á rí i fúnra rẹ̀. Ilé ìsinmi Lugard ṣì wà lórí òkè náà. Tí ẹ bá sì lè yà sí Ògìdì, Ìjùmú, ibùdó iṣẹ́ ọnà tí Nike Okundaye, gbajúgbajà aláàdìrẹ nì, kọ́ sí ìlú rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ obìnrin mi rí bí wọ́n ṣe ń hun aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lára òfì mọ́. Bí ẹ bá délé kí ẹ sì ní kí màmá yín kó aṣọ àtijọ́ inú àpótí jáde, kí wọ́n sọ ti èyí tí wọ́n fi gbé ìwọ pọ̀n.

Tope_Warri
Ẹ jọ̀ọ́, àwa ńkọ́ tí a wà ní Warri? Ọmọ mi ọdún méjì kì í fẹ́ mọ́tò.

OmoOwe_Kabba
Rélùwéè, Warri sí Ìtakpẹ́. Ọmọ á máa rìn láàárín síìtì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìyẹn nìkan ti tó. Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó máa ń tán lópin ọdún. Láti Ìtakpẹ́ ẹ gba Ọ̀kẹ́nẹ́ wá sí Kàbbà. Kí ẹni tó máa gbé yín ti dúró dè yín ní stéṣọ̀n, ẹ má wá mọ́tò níbẹ̀ lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.

IyaMeta_Yagba
Ẹ ṣeun gbogbo yín, ẹ ṣeun gan-an, mo ka gbogbo rẹ̀ sí ọkọ mi létí lánàá, nígbà tó gbọ́ ti Ìlọrin pé a máa sùn níbẹ̀ ó ní kí ló dé tí mi ò sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Ó ti gbà. Mọ́tò tiwa la máa gbé, mẹkáníìkì á yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mo ti ń wá síìtì ọmọdé. Ti kànga, mo pe àbúrò mi ọkùnrin ní Ìsánlú, ó lọ wò ó, kò sí ìdérí gidi kankan lórí rẹ̀, páànù tó wà níbẹ̀ ti jẹrà, ó ti ń bá káfíńtà sọ̀rọ̀. Yèyé, ti oyin yẹn, ẹ̀gbọ́n mi kan ti tọ́jú ìgò odidi kan dè wá, màmá mi ló máa bá a sọ ọ́ bí ẹ ṣe wí. Tí ẹnikẹ́ni bá ń ti Ìlọrin lọ lápá ibẹ̀ ní ọjọ́ tí àwa náà ń lọ, a fẹ́ kí mọ́tò méjì jọ máa rìn. Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú Kérésì la máa kúrò ní Ìlọrin, ní aago méje, Toyota Sienna aláwọ̀ eérú ni tiwa.

BabaIbeji_Mopa
Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yọ ọjọ́ àti mọ́tò yẹn kúrò níbẹ̀ nísinsin yìí. Gbogbo ayé ló ń ka ibí. Ẹ fi ráńṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Àwa náà ń lọ sí Mópà lọ́sẹ̀ yẹn, ìyá ìbejì á pe yín lálẹ́ òní, ẹ ó jọ sọ ibi tí a máa sùn sí ní Ìlọrin.

IyaMeta_Yagba
Mo ti ń yọ ọ́. Mo ti fi nọ́ńbà mi ráńṣẹ́ sí yín. Kí wọ́n pè mí lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án, àwọn ọmọ á ti sùn.